ẸNI TÍ KÒ SÍ LÓJÚ ỌPỌ́N

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò ayẹyẹ ọdún kẹwàá tí a dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀

 

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kí yín bí àwọn baba wa ṣe máa ń kí ara wọn nídìí ọpọ́n ayò: Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè!

(Àwọn àgbà dáhùn láti orí ìjókòó: “Ọ̀ta ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn!”)

Ẹ ṣeun. Inú mi dùn pé àwọn kan ṣì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé àwọn baba wa nìkan ni wọ́n dáhùn. Àwa ọmọ ẹgbẹ́, àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún, ẹnu wa kò mì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí wà.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ mí sí òṣìṣẹ́ báńkì. Iṣẹ́ mi ni kí n ka owó, kí n béèrè oníduùrò, kí n sì kọ ìròyìn ẹgbẹ́ nígbà tí àyè bá wà. Bóyá ẹ ń rò ó nínú yín pé, kí ló kan báńkà nínú eré ọmọdé? Ẹgbẹ́ ló rán mi níṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ìgbìmọ̀ wa pinnu pé a óò ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn wa fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè rí ibi jókòó ṣeré nígbà ìsinmi, dípò kí wọ́n máa tẹ fóònù láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n ní kí èmi kọ orúkọ àwọn eré tí a óò rà. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ohun tí ó sì fà á nìyí.

Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Risk wá fún ọmọ mi ọkùnrin. Àwòrán gbogbo ayé ni wọ́n yà sójú páálí rẹ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà 42. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó ọmọ ogun kéékèèké tirẹ̀ jọ, á da dáìsì, á sì máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì, títí ẹnì kan á fi gba gbogbo ayé. Èmi àti ọmọ náà jókòó sí i lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó tẹjú mọ́ páálí náà títí, ó wá ní, “Dádì, níbo ni àwa wà?”

Mo wá a. Gbogbo Áfíríkà, ọ̀nà mẹ́fà péré ni: Àríwá Áfíríkà, Íjíbítì, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Kóńgò, Gúúsù Áfíríkà àti Madagásíkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Gánà kò sí níbẹ̀. Gbogbo apá Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n dà mọ́ “Àríwá Áfíríkà”. Mo dá ọmọ náà lóhùn pé, “Fi ìyẹn sílẹ̀, da dáìsì rẹ.” Ó dà á. Kó tó di aago mẹ́wàá, mo ti gba Àríwá Áfíríkà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ tán ni ìbéèrè ọmọ náà padà wá bá mi. N kò tètè sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Ará Faransé kan tó ń ṣe fíìmù, Albert Lamorisse, ló dá eré náà sílẹ̀. Ọdún 1957 ló jáde ní Faransé, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un sì túmọ̀ sí “Ṣíṣẹ́gun Ayé”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957 ni Gánà gba òmìnira. Ní ọdún 1957 kan náà, ogun ń jà ní Algeria, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń bá Faransé jà láti ọdún 1954 kí wọ́n lè gba ara wọn. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gba ilẹ̀ wọn padà lójú ayé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tún un gbà lójú páálí nínú yàrá ìgbàlejò. N kò sọ pé ọ̀gbẹ́ni náà ní èrò ibi lọ́kàn. Ó kàn ya ayé bí wọ́n ṣe yà á fún òun náà nílé ẹ̀kọ́ ni.

Eré orí àwòrán ilẹ̀ sì ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1824, àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ Prussia tẹ́wọ́ gba irú eré ogun bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi í kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun wọn. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní Berlin, olú ìlú Prussia yìí kan náà, àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òyìnbó jókòó láti oṣù kọkànlá ọdún 1884 títí di oṣù kejì ọdún 1885, wọ́n gbé àwòrán Áfíríkà ńlá kan kọ́ sára ògiri, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ lórí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa gba apá tirẹ̀. Òfin eré ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo lórí ìjókòó.

Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọdún méje péré lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ìbọn Maxim dé Ìmàgbọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wa ni pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kó ọjà kọjá lọ sókè ọ̀hún gbọ́dọ̀ bá Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ ná. Gómìnà Carter àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Èkó ní Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ “dí ọ̀nà” yẹn, nítorí mo tún pàdé rẹ̀ nínú eré kejì tí mo yẹ̀ wò.

Catan ni orúkọ eré náà. Klaus Teuber, ará Jámánì, ló ṣe é, ọdún 1995 ló jáde, ó sì ti tàn kárí ayé. Erékùṣù kan ni wọ́n tò sójú tábìlì. Igi wà níbẹ̀, amọ̀ wà, àgùntàn wà, ọkà wà, irin wà nínú òkúta. Àwọn tó ń ṣe eré náà á dé, wọ́n á tẹ abúlé dó, wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á máa fi igi pààrọ̀ ọkà lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ogun nínú rẹ̀, káràkátà ni. Báńkà ni mí. Kí n má purọ́, eré náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ni erékùṣù náà kí àwọn àlejò tó dé? Kò sẹ́ni tó ni ín. Àgùntàn wà, kò sí darandaran. Ọkà wà, kò sí àgbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti wà lórí ilẹ̀ náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó dá dúró sínú aṣálẹ̀. Orúkọ tí ìwé òfin eré náà pè é ni olè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró sórí ilẹ̀, kí ilẹ̀ náà má lè so fún àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Mo rántí Ìmàgbọ̀n. Ẹni tó bá nílẹ̀ tó sì dí ọ̀nà, olè ni lójú ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Puerto Rico ni wọ́n ń pè é, Andreas Seyfarth, ará Jámánì náà ló ṣe é, ní ọdún 2002. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á di ọ̀gá oko lórí erékùṣù Puerto Rico, nígbà tí Sípéènì ń jọba níbẹ̀. Wọ́n á dá oko àgbàdo, oko ìrèké, oko tábà, oko kọfí àti oko ẹ̀lú. Ọkọ̀ ojú omi á máa gúnlẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn nǹkan pẹlẹbẹ róbótó bíi bọ́tìnì wà, àwọ̀ búráùn ni gbogbo wọn. Ìwé òfin ní “olùdó” ni wọ́n. Wọ́n á pín wọn sí oko, nítorí oko tí kò bá ní wọn nínú kò ní mú nǹkan kan jáde. Wọn kì í gba owó. Wọn kì í fèsì. Wọn kì í padà sílé. Ẹni tó bá kó ẹrù ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òyìnbó dáadáa, tó sì kọ́ ilé dáadáa, ló máa borí.

Bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kan wá bá mi ní báńkì, tí mo rí oko, tí mo rí ẹrù, tí mo rí èrè, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni pé: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ dà? Bí wọn kò bá rí i fi hàn mí, mo mọ̀ pé ohun kan wà lábẹ́ aṣọ. Ìtàn sì ti ṣí aṣọ náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ro oko ìrèké ní Puerto Rico, ọdún 1873 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa sì wà lára àwọn tí ọkọ̀ kó lọ sí ìhà ọ̀hún. Lukumí ni wọ́n pè wọ́n ní Kúbà, Nàgó ni wọ́n pè wọ́n ní Bùràsíìlì. Lójú páálí Risk tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fa ìlà kan sórí òkun láti “Àríwá Áfíríkà” dé Bùràsíìlì, kí ọmọ ogun lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwa mọ àwọn tó gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ogun.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú. Wọ́n ń sọ pé, “Alukoro, eré lásán mà ni!” Ìyàwó mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Èsì mi ni Monopoly, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Magie, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí eré tí wọ́n fi ṣe Monopoly, ní ọdún 1904. Ó ṣe é láti fi kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa ìyà tó ń bẹ nínú kí ẹnì kan kó gbogbo ilẹ̀ ìlú sábẹ́ ara rẹ̀. Oríṣi òfin méjì ló ṣe fún un: nínú ọ̀kan, bí ọrọ̀ bá wọlé, gbogbo èèyàn ló ń jàǹfààní, nínú èkejì, ẹnì kan ló ń kó gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀. Nígbà tó di ọdún 1935, ilé iṣẹ́ Parker Brothers ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 500 dọ́là. Èyí tí ẹnì kan ti ń kó gbogbo rẹ̀ ni gbogbo ayé wá mọ̀. Páálí kan náà, òfin kan yí padà, ẹ̀kọ́ náà sì yí padà. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé eré ń kọ́ni. Àwa tí à ń rà á fún ọmọ ni a kò fẹ́ mọ̀. (Nínú Monopoly yìí náà, òfin ní báńkì kò lè kógbá sílé láéláé. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ohun tí ojú wa rí ní báńkì ní ọdún 2009, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.)

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn eré alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi tún béèrè pé, “Dádì, ṣé àwa náà ní géèmù tiwa?” Mo ní a ní ayò. Ó ní, “Ẹ kọ́ mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ ayò ta. Bàbá mi ta ayò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́, mo ń lọ kọ́ chess nílé ẹ̀kọ́, nítorí wọ́n ní chess ni eré ọlọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí n má kọ́ ayò. Mo kàn gbà lọ́kàn ara mi pé eré àwọn arúgbó tí kò kàwé ni. Bí bàbá mi bá ní, “Wá jókòó,” màá ní mo ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ láti ṣe. Wọ́n ti lọ báyìí, ọpọ́n wọn wà lókè àjà, eruku ti bò ó. Kò sí amúnisìn kankan nínú ilé wa nígbà náà o. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Mo gbé ọpọ́n náà sọ̀ kalẹ̀, èmi àti ọmọ mi gbé e lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá wò wá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Òpè méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!” Bí èmi àti ọmọ mi ṣe wọ kíláàsì kan náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni gbogbo ọmọ rí. Kò sí èyí tó jẹ́ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá kó ọmọ nínú ihò mi, mo gbọ́dọ̀ máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yíká, títí wọnú ilé ẹnìkejì mi. Bí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ihò rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé rẹ̀ bá ṣófo, tí mo sì ní ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí n ta á sí i, kó lè rí nǹkan ta. Ọmọ mi béèrè ìdí rẹ̀. Bàbá ní, “Bí o bá febi pa á, ta ni yóò bá ọ ta á?”

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé ayò sọ àwọn baba wa di áńgẹ́lì. Ayò náà ní jíjẹ nínú, ẹ̀fẹ̀ ìdí rẹ̀ a sì máa ta ni bí ata. Ìkíni rẹ̀ gan-an ló ní òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Ìjẹ̀bú ta ìbọn, Ìjẹ̀bú ta ẹrú. Ogun Kírìjí tí àwa Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó parí. Àwa náà mọ bí a ṣe ń kó ìlú. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò ju ẹyọ kan lọ: nídìí ayò, òpè ní ìjókòó. Wọ́n lè jẹ ẹ́ lónìí, wọ́n lè fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fara balẹ̀, ó lè di ọ̀ta lọ́la. Bọ́tìnì búráùn inú Puerto Rico, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, kò sí òfin tó lè sọ ọ́ di ọ̀gá oko. “Olè” inú Catan, kò sí ọ̀nà tó lè gbà di onílé. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ wa nìyẹn: kí wọ́n má lọ mọ́ ọn lára láti máa wo ayé láti ìjókòó ẹni tó gba ilẹ̀, kí wọ́n má sì béèrè ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayé pàápàá ti ń kíyè sí i. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ GMT Games ní Amẹ́ríkà fẹ́ tẹ eré kan jáde lórí bí àwọn òyìnbó ṣe pín Áfíríkà. Àwọn èèyàn bá wọn wí, wọ́n sì fà á sẹ́yìn. Ní ọdún 2022, wọ́n tún Puerto Rico ṣe, wọ́n gbé e sí ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń gbà síṣẹ́ ló wà lóko báyìí. Eré kan tún wà, Spirit Island, tó jáde ní ọdún 2017: àwọn ẹ̀mí inú erékùṣù ni ẹ óò jẹ́, ẹ óò sì jọ dáàbò bo àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá gbà á. Nítorí náà, kò sọnù. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ènìyàn ṣe, ọwọ́ ènìyàn lè tún un ṣe.

Ohun tí mo wá mú wá síwájú ẹgbẹ́ nìyí. Èkínní, n kò ní kí a sun eré kankan níná. Ọmọ tí a bá fi nǹkan pamọ́ fún, ìta ni yóò ti rí i. Ẹ jẹ́ kí a ra Risk, kí a ra Catan. Kí a ra lúdò náà, kí a sì sọ fún wọn pé Íńdíà ló ti wá, pachisi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, kí àwọn òyìnbó tó tún un ṣe, kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Ìlú Ọba ní ọdún 1896. Èkejì, kí a lẹ ìbéèrè mẹ́ta mọ́ ògiri yàrá náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa dáhùn wọn lẹ́yìn eré: Ta ló ní ìjókòó nínú eré yìí? Ta ni kò sí lójú ọpọ́n? Kí ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó sọ pé ènìyàn borí? Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ gbẹ́ ọpọ́n ayò mẹ́rin, kí a sì bẹ àwọn baba wa kí wọ́n wá máa kọ́ wa lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù. Mo ní wa, n kò ní àwọn ọmọ nìkan. Èmi ni màá kọ́kọ́ kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Kí n tó jókòó, ohun ìkẹyìn. Ní erékùṣù Antigua, lókè òkun ọ̀hún, wọ́n ń ta ayò títí dòní. Warri ni wọ́n ń pè é. Ihò 12 ni, ọmọ 48 ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló mú un débẹ̀. Wọ́n gba aṣọ lára wọn, wọ́n gba orúkọ lẹ́nu wọn, wọ́n kà wọ́n bí ẹni ka ẹrù sínú ọkọ̀. Síbẹ̀ òfin eré náà wà nínú orí wọn, wọ́n sì gbẹ́ ọpọ́n tuntun nígbà tí wọ́n débẹ̀. Bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹrú bá rántí, kí ni àwíjàre èmi tí mo wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ bàbá mi?

Ọmọ mi ti ń jẹ mí báyìí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kí mi lẹ́nu ọ̀nà pé, “Mo kí òpè!” Inú mi dùn ju ìgbà tí mo gba Àríwá Áfíríkà lọ.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. A óò dàgbà, a óò tọ́ ọmọ, àwọn ọmọ náà yóò sì mọ ibi tí wọ́n wà lójú ọpọ́n.